Fún Mojísọ́lá, Kí Ọjọ́bọ̀ Tó Dé: Ọ̀rọ̀ Lórí Àlejò Kíláàsì Rẹ

Jikwoyi, Abuja.
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀.

Mojísọ́lá, ọmọ mi àtàtà, ọ̀kun o.

Mo mọ̀ pé bí o bá rí bí ìwé yìí ṣe nípọn tó, o máa kọ́kọ́ rò pé ìwé ogún ni. Fọkàn balẹ̀. Mi ò ní ilẹ̀ tí mo fẹ́ pín, mi ò sì tíì fẹ́ kú. Lẹ́tà ni, mo fi rán awakọ̀ kan kó lè dé ọwọ́ rẹ lónìí. Bàbá rẹ tó fi ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n kọ́ ọmọ ọlọ́mọ bí a ṣe ń kọ lẹ́tà kò kọ ẹyọ kan sí ọmọ tirẹ̀ rí, ìyẹn sì ń tì mí lójú díẹ̀. Ǹ bá pè ọ́ lórí fóònù, ṣùgbọ́n o mọ bó ṣe máa ń rí: kí n tó kí ọ tán, màmá rẹ á ti gba fóònù kó lè bi ọ́ bóyá o ti jẹun. Kó tó padà dé ọwọ́ mi, káàdì á ti tán.

Yorùbá ni mo fi kọ ọ́, má fajú ro. Mo mọ̀ pé ìwọ àti Yorùbá kíkà kò fi bẹ́ẹ̀ mọwọ́ ara yín. Kà á sókè ketekete. Èyí tí ojú rẹ kò bá dá mọ̀, etí rẹ á dá a mọ̀, nítorí màmá rẹ kò fi èdè mìíràn bá ọ wí rí.

Ẹ̀bẹ̀ ni mo fẹ́ kí ó ṣáájú ìmọ̀ràn. Láti ọjọ́ Àìkú tí o ti kúrò níbí ni ara mi kò ti balẹ̀. Jẹ́ kí n tò ó bó ṣe ṣẹlẹ̀, kí o lè mọ̀ pé mo gbọ́ ọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo ṣe bí ẹni tí kò gbọ́.

O sọ fún wa pé ní ilé-ìwé tuntun tí o ti ń ṣiṣẹ́ ní Life Camp, o gbé ìwádìí kan fún àwọn ọmọ Prámárì Fọ́ọ̀ rẹ: omi inú ilé wa, níbo ló ti ń wá? O ní ọjọ́ àkọ́kọ́, gbogbo wọn dáhùn pé inú tánkì. O ní kí wọ́n lọ bèèrè ta ló gbé e sínú tánkì. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń bèèrè, tí wọ́n ń yàwòrán páìpù, tí wọ́n ń tọ omi lẹ́yìn bí ọdẹ ṣe ń tọ ipasẹ̀ ẹran, títí wọ́n fi ní àwọn fẹ́ rí ẹnì kan tó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé omi. Ìwọ náà ronú kan Sání, mai ruwa tó ń ti ọmọlanke omi wá sí ilé rẹ ní Karmo. O pè é, ó gbà. Ọjọ́ Ẹtì yìí ni. Ibẹ̀ ni Mádàámù tó ni ilé-ìwé ti gbọ́.

O ní, “Dádì, Mádàámù ní òun ti ní rísọ́ọ̀sì pásìn, ẹni tó máa wá bá àwọn ọmọ sọ̀rọ̀, Dáírẹ́kítọ̀ kan láti ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí omi. Ó ní bí Sání bá máa wá, kó dúró sẹ́yìn kíṣìnì pẹ̀lú ọmọlanke rẹ̀ títí Dáírẹ́kítọ̀ á fi sọ̀rọ̀ tán. Tí àyè bá ṣẹ́ kù, kí àwọn ọmọ máa wò ó láti ojú fèrèsé.”

Màmá rẹ ní, “Bí wọ́n ṣe ń wo ọ̀bọ?”

“Mọ́mì, mi ò lè ṣe é. Mo ti kọ lẹ́tà pé mo fẹ́ fi iṣẹ́ sílẹ̀. Lọ́jọ́bọ̀ ni mo máa fún un.”

Èmi ni mo wá rẹ́rìn-ín. Mo ní, “Nítorí mai ruwa? Ẹni tí ó yẹ kó gbé omi wá, o fẹ́ kó wá gbé ẹ̀kọ́ wá?”

Mo rò pé àwàdà ni mo ń ṣe. O fọ ọwọ́ tí kò tíì kan ọbẹ̀, o kí màmá rẹ, o kúnlẹ̀ kí èmi náà, ìkúnlẹ̀ yẹn ló dùn mí jù, o sì lọ wá mọ́tò. Iyán rẹ tutù sórí tábìlì. Màmá rẹ palẹ̀ abọ́ mọ́ kúrò níwájú mi kí n tó jẹun tán. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, gbólóhùn kan péré ni: “Bàbá Mojí, ṣé ẹ ti gbàgbé Ládi ni?”

Mi ò gbàgbé Ládi. Ohun tí mo ṣe fún un ni mo ń sá fún.

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà. Aṣọ mi kò pọ̀, o mọ̀. Àkísà ni mo fẹ́ tú sílẹ̀ fún ọ lónìí.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé Abuja, Abuja kò tíì di Abuja. Eruku ni, kátapílà ni, àti àwa tí wọ́n kó wá láti ibòmíràn tí à ń pe ara wa ní aṣáájú. Wọ́n fi mí sí ilé-ìwé kékeré kan ní abúlé àwọn Gbàgyí, lójú ọ̀nà Karshi. Ọmọ ọdún mélòó ni mo jẹ́? Mo kéré sí ọ lónìí. Ṣùgbọ́n o kò tíì rí ẹni tó tóbi lójú ara rẹ̀ tó mi. Mo máa ń de táì nínú oòrùn tó lè sun iṣu. Bírò mẹ́ta ni mo máa ń kì bọ àpò àyà, búlúù, dúdú, pupa. Pupa nìkan ló ń kọ̀wé. Bí àwọn ọmọ bá bi mí ní ìbéèrè tí mi ò mọ̀, mo máa ń ní, “Ìyẹn kò sí nínú sílábọ́ọ̀sì.” Wọ́n rò pé sílábọ́ọ̀sì jẹ́ irú ẹranko kan tó ń jẹ ìbéèrè.

Wọ́n wá rán mi lọ sí ìdálẹ́kọ̀ọ́ ọlọ́sẹ̀ kan. Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ pé kì í ṣe kí tíṣà máa da ẹ̀kọ́ sí ọmọ lórí bí omi, kí ọmọ fúnra rẹ̀ wá a lọ. Inú mi dùn bí ẹni pé èmi ni mo hùmọ̀ ọ̀rọ̀ náà. Mo délé, mo fún Prámárì Fáìfù ní ìwádìí: ìkòkò, báwo la ṣe ń mọ ọ́n? Ìdí ni pé abúlé amọ̀kòkò ni. Mo ní kí wọ́n lọ bèèrè nílé.

Mojí, bí o bá rí ohun tí wọ́n kó dé! Ọ̀kan ní ìyá òun ní ẹni tó ń bínú kì í fọwọ́ kan amọ̀, nítorí ìkòkò á sán nínú iná. Ọ̀kan mú amọ̀ tútù wá nínú ewé, ó fi sórí tábìlì mi, lórí ìwé àkọsílẹ̀ mi gan-an. Ládi, ọmọbìnrin tín-ín-rín kan tó máa ń jókòó síwájú, ní ìyá àgbà òun lè wá mọ ìkòkò níwájú gbogbo wa. Mo ní kó pè wọ́n wá. A fi ọjọ́ sí i.

Nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́ta, ìwé dé pé alábẹ̀wò ń bọ̀ láti ọ́fíìsì ẹ̀kọ́, ọjọ́ kan náà.

Ẹ̀rù bà mí. Ṣé ọ̀rọ̀ pé ẹni tó ń bínú kì í fọwọ́ kan amọ̀ ni mo fẹ́ kí alábẹ̀wò gbọ́? Mo nu gbogbo ohun tí àwọn ọmọ kó dé kúrò lójú pátákó. Mo ṣí ìwé kan tí mo rà, mo da ìbéèrè mẹ́wàá àti ìdáhùn mẹ́wàá kọ, mo sì pín wọn, ọmọ kan, ìdáhùn kan. Ọjọ́ méjì la fi há a sórí. Ìbéèrè kẹrin, níbo la ti ń rí amọ̀, ti Ládi ni.

Ọjọ́ náà pé. Ìyá àgbà Ládi ló kọ́kọ́ dé. Wọ́n ru amọ̀ wá ní èjìká, bí àwọn obìnrin Gbàgyí ṣe máa ń ru ẹrù, ọ̀nà wọn sì jìn. Mo sáré jáde. Mo ní, “Sannu, Mama, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó sí ìdí màngòrò yìí ná.” Wọ́n jókòó. Ládi ní kí n jẹ́ kí òun jókòó tì wọ́n. Mo gbà, kí ariwo má baà sí.

Alábẹ̀wò wọlé. Ìbéèrè kìíní, ọmọ dáhùn. Ìkejì, ọmọ dáhùn. Bàbá náà ń mi orí, èmi náà ń mi orí. Ó wá bèèrè pé níbo la ti ń rí amọ̀. Kíláàsì pa lọ́lọ́. Ọmọ àwọn amọ̀kòkò ni gbogbo wọn o! Kò sí ẹni tí kò tíì bá ìyá rẹ̀ wa amọ̀ rí níbẹ̀. Ó tún un bi. Ọmọkùnrin kan nawọ́ sókè, ó ní, “Sà, ti Ládi nìyẹn. Ládi wà níta.”

Alábẹ̀wò ní, “Ládi nìkan ló mọ ibi tí amọ̀ wà ní abúlé yìí?”

“Rárá, sà. Ìbéèrè kẹfà ni tèmi.”

Máa rẹ́rìn-ín. Èmi náà ń rẹ́rìn-ín báyìí. Ṣùgbọ́n dúró. Alábẹ̀wò rìn lọ sójú fèrèsé, ó wo ìdí màngòrò. Ó ní, “Tíṣà, ta ni ìyá tó jókòó síbẹ̀ yẹn?”

Mo ní, “Ó wá tajà ni, sà.”

Fèrèsé kò ní gíláàsì. Ládi gbọ́ mi. Mo rí ojú rẹ̀. Ó wo ìyá àgbà rẹ̀, ó wò mí. Nígbà tí mo fi máa sin alábẹ̀wò dé ìdí mọ́tò tí mo sì padà wá, wọ́n ti lọ. Ìyá náà ti tún amọ̀ wọn gbé lé èjìká, wọ́n ti gba ilé lọ.

Ládi kò sá kúrò nílé-ìwé. Ó ń wá lójoojúmọ́, ó ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀, ó ń gba máàkì. Ṣùgbọ́n títí ọdún yẹn fi parí, kò nawọ́ sókè mọ́. Lójoojúmọ́ ni mo ń sọ pé n ó lọ bẹ ìyá náà. Lójoojúmọ́ ni táì ọrùn mi ń fún mi. Kí n tó borí ìtìjú náà, wọ́n ti gbé mi lọ sí ilé-ìwé mìíràn.

Ohun tó dé nìyẹn tí mo fi fi ọ́ rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ Àìkú. Ẹni tí ó ti ṣe ibi kan rí, bí ó bá rí ẹni tó fẹ́ ṣe ire níbi tí òun ti ṣubú, ẹ̀rín ni ó máa ń kọ́kọ́ bọ́ lẹ́nu rẹ̀, kí omijé má baà bọ́. Dárí jì mí.

Ó yá, ìmọ̀ràn. Mo fẹ́ kà wọ́n ní kìíní kejì, ṣùgbọ́n o mọ̀ mí, n ó sọnù lójú ọ̀nà.

Èkíní. Má ṣe fún ọmọ ní ìwádìí tí ìwọ ti mọ gbogbo ìdáhùn rẹ̀. Ìyẹn kì í ṣe ìwádìí, eré kí n fi pamọ́ kí o wá a ni. Kí tíṣà náà wà nínú àwọn tí kò mọ̀. Bí ọmọ bá bi ọ́ ní ohun tó ju ọ́ lọ, wí pé, “Mi ò mọ̀ ọ́n, ẹ jẹ́ ká lọ wádìí.” Kò ní bu ọ́ kù. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni mo fi tọ́jú ẹnu mi kí gbólóhùn yẹn má baà bọ́ níbẹ̀, ọjọ́ tó sì bọ́, ọmọ kan ní, “Ẹ ṣé, sà,” bí ẹni tí mo fún ní ẹ̀bùn. Abéèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Wọn kò sọ pé tíṣà kò gbọdọ̀ bèèrè.

Èkejì. Ohun tí ọmọ bá kó dé láti ilé, má nù ún kúrò lójú pátákó nítorí pé kò jọ ti inú ìwé. Kọ ọ́ síbẹ̀. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, kí wọ́n fúnra wọn rí i pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ọmọ tí o bá nu ọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀ kúrò, ìyá rẹ̀ lo nù.

Ẹ̀kẹta, lórí àlejò. A máa ń sọ pé àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi í ríran. Òótọ́ ni fún ìlú. Fún kíláàsì, èmi rò pé àwa onílé ni a lójú tí a kò fi í ríran, àlejò ló wá là á fún wa. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo àlejò. Mo rántí olóyè kan tí a pè wá bá àwọn ọmọ sọ̀rọ̀ lórí ìmọ́tótó. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n bí i. Nígbà tí yóò fi dé ibi tó ti wọ ilé-ìwé gíga, oòrùn ti kúrò ní ojú fèrèsé kan bọ́ sí èkejì, ọmọ mẹ́ta ti sùn, ọ̀kan sì ti tọ̀ sára nítorí kò láyà láti tọrọ àyè. Lórí ìmọ́tótó! Láti ọjọ́ náà ni mo ti ṣe òfin: ìbéèrè àwọn ọmọ ló ń ṣáájú, kì í ṣe ìtàn ìgbésí ayé àlejò. Fi ìbéèrè ránṣẹ́ sí àlejò ṣáájú, kó mọ ohun tí àwọn ọmọ fẹ́ gbọ́ lẹ́nu rẹ̀. Ó sì dùn mọ́ mi pé o ti ṣe bẹ́ẹ̀ láìjẹ́ pé mo kọ́ ọ.

Báwo ni mo ṣe mọ̀? O gbàgbé bébà kan sórí tábìlì wa. Ìbéèrè mọ́kànlá tí àwọn ọmọ rẹ kọ fún Sání. Mo kà á, mo tún un kà, mo gbé e fún màmá rẹ. “Ṣé òùngbẹ máa ń gbẹ yín tí ẹ bá ń ta omi?” “Ta ló ń gbé omi lọ sílé yín?” “Kí ló dé tí omi wa kì í tán?” Èkeje ni ó dá mi dúró: “Omi tó wà nísàlẹ̀ ilẹ̀, kí ló gbé e dúró tí kò fi rì lọ?” Ọmọ ọdún mẹ́jọ, mẹ́sàn-án! Nínú gbogbo ọdún tí mo fi ń kọ́ni, ó ṣọ̀wọ́n kí ọmọ bi mí ní irú rẹ̀. Bóyá wọ́n ní i lọ́kàn. Bóyá táì mi ni kò jẹ́ kí ó jáde.

Mo ti sọnù bí mo ṣe wí. Mi ò mọ èkelòó ló kàn, ṣùgbọ́n Mádàámù ni ó kàn.

Má bá a jà. Mo mọ̀ pé ilé-ìwé tó bá kọ “Ti Àgbáyé” sí ara géètì rẹ̀, tí tánkì rẹ̀ sì ń jò sára ọ̀rọ̀ náà, ó ń tọrọ ẹ̀fẹ̀ lọ́wọ́ èèyàn. Fi ẹ̀fẹ̀ náà sílẹ̀ fún èmi tí mo ti fẹ̀yìn tì. Mádàámù ń bẹ̀rù ohun tí àwọn òbí máa sọ, bí èmi ṣe bẹ̀rù alábẹ̀wò. Ìbẹ̀rù kan náà ni, aṣọ ló yàtọ̀. Lọ bá a lọ́la, Ọjọ́rú, ní kùtùkùtù kí wàhálà tó bẹ̀rẹ̀. Kúnlẹ̀ dáadáa. Má sọ pé Sání dára ju Dáírẹ́kítọ̀ lọ. Sọ pé Sání ní láti lọ kírun Jímọ̀, nítorí náà aago mẹ́sàn-án ló lè wá, nínú kíláàsì, lórí àga. Dáírẹ́kítọ̀ náà, kí wọ́n pè é fún mẹ́sàn-án. Mo ti bá wọn gbé ìlú yìí pẹ́: ẹni tí wọ́n pè fún mẹ́sàn-án, tó bá dé ní mọ́kànlá, ó kánjú ni. Sání á ti parí. Tí Dáírẹ́kítọ̀ bá sì dé, má fi ojú burúkú wò ó. Jẹ́ kí àwọn ọmọ bi òun náà ní ìbéèrè. Èèyàn ni. Bóyá láti ìgbà tó ti wọ ọ́fíìsì rẹ̀, kò sí ẹni tó bi í ní ohun kan tí kì í ṣe láti tọrọ nǹkan.

Bí Mádàámù bá kọ̀ jálẹ̀ ńkọ́? Bó bá ní ẹ̀yìn kíṣìnì ni dandan? Mo ti rò ó títí. Kó àwọn ọmọ rẹ jáde. Kí olúkúlùkù gbé àga tirẹ̀, kí ẹ lọ jókòó ti Sání lẹ́yìn kíṣìnì, ìwọ náà lórí àga tìrẹ. Ibi tí tíṣà àti ọmọ bá jókòó sí, ibẹ̀ ni kíláàsì. Ohun tí ó yẹ kí n ṣe nìyẹn ní ìdí màngòrò, kò ju ogún ìṣísẹ̀ lọ sí kíláàsì. Kò sí òfin kan tó dè mí mọ́ pátákó.

Ó ku lẹ́tà rẹ, èyí tí o fẹ́ fi fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ọmọ mi, a kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná. O ní ẹ̀tọ́ láti bínú, n kò bá ọ jiyàn. Ṣùgbọ́n wò ó bí ó ṣe máa rí lójú àwọn ọmọ yẹn: wọ́n bèèrè ìbéèrè mọ́kànlá, tíṣà wọn sì pòórá. Ohun tí wọ́n máa rí kọ́ níbẹ̀ ni pé ìbéèrè máa ń lé èèyàn lọ. Bí o bá fẹ́ kúrò níbẹ̀ ní ìparí táàmù, wá, màmá rẹ á gún iyán mìíràn, a ó jọ gbìmọ̀. Kì í ṣe ọ̀sẹ̀ yìí.

Lálẹ́ àná tí mo ń to ọ̀rọ̀ yìí lọ́kàn, mo rò pé ibẹ̀ ló parí sí. Àmọ́ bí mo ṣe dùbúlẹ̀, mo rí i pé ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni mo ti ń sọ. Èmi tí mo ń fi gbogbo ìgbà sọ pé kí ọmọ lọ wádìí, mi ò tíì wádìí ohun kan. Mi ò mọ Sání. Mo fi í ṣẹ̀sín láì mọ̀ ọ́n. Nítorí náà, ní òwúrọ̀ yìí kí n tó jókòó ti bébà, mo ti lọ sí Karmo mo sì ti bọ̀. Aago márùn-ún ni mo jáde, kí n lè ṣáájú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ mọ́tò àwọn òṣìṣẹ́ ní Nyanya. Mi ò yà sílé rẹ, ojú tì mí. Mo bèèrè ibi tí àwọn mai ruwa ti ń pọnmi, wọ́n júwe kànga ẹ̀rọ kan fún mi. Mo bá a níbẹ̀, tó ń to kẹ́ẹ̀gì.

Mo sọ pé èmi ni bàbá Tíṣà. Ó fi gbogbo kẹ́ẹ̀gì sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. “Baba, sannu da zuwa! Ṣé kò sí wàhálà o? Ṣé wọn kò ní kí n wá mọ́ ni?”

Mo ní, “Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?”

“Kò sí ẹni tó sọ ọ́. Mo kàn ń rò ó ni.”

Mo ní ó wà bó ṣe wà. Ó mí kanlẹ̀, ó ní, “Yauwa.” Ó wá ní kí n dúró, òun ní nǹkan tí òun fẹ́ fi hàn mí. Ó wọ yàrá kan lẹ́bàá kànga, ó gbé ìgò oníke kan jáde pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, bí a ṣe ń gbé ọmọ tuntun. Erùpẹ̀ pupa ló wà lókè nínú ìgò náà, yanrìn tẹ̀ lé e, òkúta wẹ́wẹ́ tẹ̀ lé ìyẹn, ohun kan tó funfun tó sì le wà nísàlẹ̀ pátápátá.

Ó ní nígbà tí o ka ìbéèrè àwọn ọmọ fún òun, òun mọ gbogbo rẹ̀ àfi èkeje. Òun lọ bi ẹni tó ni kànga, ẹni yẹn ní òun kò mọ̀, kó lọ bi àwọn tó ń gbẹ́ ẹ. Ó rìn lọ bá wọn níbi tí wọ́n ti ń gbẹ́ òmíràn, ó dúró tì wọ́n títí di ìrọ̀lẹ́. Bí irin ṣe ń hú ilẹ̀ jáde ló ń bu díẹ̀díẹ̀, ó sì tò ó sínú ìgò bó ṣe tò nínú ilẹ̀. Ó fi ìka han òkúta ìsàlẹ̀ náà. “Èyí ló gbé e dúró, Baba. Kai! Ọdún mẹ́sàn-án ni mo ti ń ta á, mi ò mọ̀ ọ́n rí.”

Mo bi í pé ta ló ní kó ṣe gbogbo wàhálà yìí. Ó wò mí bí ẹni pé èmi ni kò lọ sílé-ìwé. Ó ní, “Wọ́n bèèrè. Mi ò mọ̀ ọ́n. Mo lọ bèèrè.”

Mojí, ọmọ tó mú mi gbọ́n lọ́jọ́ alẹ́, ọkùnrin kan wà ní Karmo tó ti ṣe iṣẹ́ àmúrelé rẹ̀. Ó ti gbé e padà sínú yàrá, ó fi aṣọ bò ó kí ó má baà dàrú. Bí o bá fún Mádàámù ní lẹ́tà rẹ yẹn lọ́jọ́bọ̀, ta ni yóò gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ lọ́jọ́ Ẹtì?

Èmi ni, bàbá rẹ tó ń bẹ̀bẹ̀.